Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Ẹ bá mi sọ ẹrù yìí kalẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí n lọ sílé lọ máa sinmi, kí n sì máa jẹ ohun tó bá wù mí. Ẹni tó bá ti dàgbà mọ ohun tí dókítà ń sọ nígbà tó bá ní kéèyàn máa jẹ ohun tó bá wù ú. N kò bínú sí i. Mo ti gbàdúrà, mo ti dúpẹ́, mo sì ti bẹ Ẹlẹ́dàá mi pé kó má tíì pa fìtílà mi títí n óo fi tú ohun tó wà nínú mi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí sí Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ̀yin tí a jọ ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ tẹ́ ẹ sì ń pè mí ní ẹni Ọlọ́run, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tíì tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti bá mi lórí ibùsùn, n kò sì ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi sá mọ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, nínú yàrá tí a ń gbé. Rédíò ni òun ń tún ṣe. N kò jókòó sí kíláàsì kankan; ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, òwe, àdúrà, àti bí a ṣe ń fi òjé lẹ wáyà. Bí mo bá tún nǹkan ṣe tó sì fọhùn, á gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wá máa kì mí:

Ọmọ atú-u-má-fọ́-ọ,
Ọmọ afẹ̀sọ̀-mú-nǹkan-kó-má-bàjẹ́,
Irin tó ń bínú, o fọwọ́ kàn án, ó rọ̀,
Irin tó ń sunkún, o fọwọ́ kàn án, ó sùn.

Oríkì yẹn ló bà mí jẹ́. Rárá, ẹ má gbọ́ tèmi; èmi ni mo ba ara mi jẹ́. Oríkì dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ń kì lójoojúmọ́ lè gbàgbé pé òun náà ń ṣì í ṣe. Nígbà tí bàbá mi lọ, tí ayé kúrò ní ti rédíò tó bọ́ sí ti kọ̀ǹpútà, mo bá ayé lọ. Wọ́n ń sọ kiri àdúgbò pé kò sí ẹ̀rọ tí Ìyá Ẹlẹ́rọ ò lè tù nínú, mo sì gbà á gbọ́. Ó yá mi lẹ́nu láti sọ pé, “Ẹ fi sílẹ̀, á ṣeé ṣe.” Gbólóhùn kan ló máa ń há mi lọ́fun bí eegun ẹja: “Owó yìí ò ká a.”

Onídìrí kan wà ládùúgbò wa. Iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà ti tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n láti kékeré ni iṣan ara rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ti lọ, apá ń lọ, èémí náà sì ti ń múra àtilọ; ẹ̀rọ kékeré kan ló ń ti afẹ́fẹ́ sí i nímú. Àmọ́ ìka rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ mú bí abẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. Géèmù ló fi ń jáde nílé. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ni aṣíwájú àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọn ò mọ̀ pé orí ibùsùn ló ti ń pàṣẹ fún wọn. Balógun ni wọ́n ń pè é, ni gbogbo wa náà bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ti darúgbó. Bó bá ti tan géèmù, fáànù rẹ̀ á máa han bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ọjọ́ tí onídìrí wá bá mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló tẹ̀ lé e wá. Oníná ni àbúrò yìí, òun ló fa gbogbo wáyà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aláwàdà sì ni. “Ìyá Ẹlẹ́rọ,” ó ní, “ẹ wò ó o, owó tá a mú wá yìí, gbogbo ẹbí ló dá a. Bó bá kù díẹ̀, ẹ dè mí mọ́ ọn, kí n máa fi ẹnu fẹ́ ẹ.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lẹ́yìn. “Ìwọ tó ò ń pariwo ju fáànù lọ! Ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ ṣe é kó lè gbé àwọn géèmù tuntun tó ń wù ú, ṣùgbọ́n kó má pariwo. Ìdí ibùsùn rẹ̀ ni mò ń sùn. Mímí rẹ̀ ni mò ń gbọ́ sùn, òun náà ni mò ń gbọ́ jí. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà yẹn ti ń han, n ò gbọ́ ọmọ mi mọ́.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa. Obìnrin náà ò wá fáàrí. Etí rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tó fi ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀.

Mo lọ bá Balógun fúnra rẹ̀ ká lè jọ yan àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ yẹn ti kà nípa rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. “Ìyá,” ó ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gé díẹ̀díẹ̀ nítorí èémí, “ẹ má jẹ́ ká fi owó ẹbí ṣe yàngà. Káàdì àwòrán tó kéré ni kẹ́ ẹ mú, èyí tí kì í gbóná. Ohun tí ò bá gbóná ò ní pe fáànù. Fáànù náà, ńlá tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ká rà. Kékeré tó ń sáré kiri, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn ariwo. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra páwápáàkì gidi.” Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, páwápáàkì ni àpótí irin inú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná lára ògiri, tó ń pín in fún gbogbo ara. Kò sẹ́ni tó ń rí i, kò sẹ́ni tó ń yìn ín, ṣùgbọ́n bí kò bá dáa, ilé lè jó. Mo bi í pé, “Ṣé o mọ̀ pé àwòrán ẹ̀ ò ní dán tó bó o ṣe fẹ́?” Ó ní, “Kó má dán. Ṣé mo fẹ́ lá a ni? Kí màámi ṣáà rí oorun sùn.” Èrò ọmọ náà pé. Ká ní mo ṣe bó ṣe wí ni, n kì bá tí rí ohun kan kọ sínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n mo ń sọ nínú ara mi pé, ta ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ bàbá mi? Mo fẹ́ kó rí àwòrán tó ń dán bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, kí ẹ̀rọ náà sì dákẹ́ rọ́rọ́, kí ayé lè sọ pé owó táṣẹ́rẹ́ yẹn ni Ìyá Ẹlẹ́rọ fi ṣiṣẹ́ ìyanu. Ọlọ́run ló ni iṣẹ́ ìyanu. Èmi fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ra káàdì ńlá, ó sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà mì. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ni mo wá páwápáàkì lọ. Ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. “Ìyá, ẹ gbé e wò ná. Ṣé ẹ rí i bó ṣe wúwo? Èyí tó bá ti wúwo, ojúlówó ni.” Ó wúwo lóòótọ́. Mo gbé e délé, mo tú u, nítorí bàbá mi kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fi ohun tí n kò tú wò sínú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi síkúrù dè mọ́ ìsàlẹ̀, irin lásán, tí kò níṣẹ́ méjì ju kó wúwo lọ. Gbogbo ohun tó yẹ kó dáàbò boni bí iná bá ṣe ségesège, wọ́n ti yọ ọ́ tàbí kó jẹ́ pé wọn ò fi síbẹ̀ rárá. Mo pe ọkùnrin náà. Ẹ̀rín ló ń rín. “Ẹ̀yin náà, Ìyá! Ta ló ní kẹ́ ẹ la ikùn ẹ̀ wò? Ẹ dé e padà jàre. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú; ikùn àgbà kì í kún.” Mo dé e padà. Ọwọ́ tí bàbá mi máa ń kì, òun ló ń yí síkúrù yẹn wọlé.

Mo to gbogbo rẹ̀ tán, mo fi géèmù dán an wò. Káàdì ńlá gbóná, gbogbo fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, páwápáàkì náà ń hu tín-ín-rín bí yànmùyánmú létí. Ibi tó yẹ kí n ti padà nìyẹn. Mo lè gbé káàdì padà fún ẹni tó tà á. Mo lè lọ bá onídìrí kí n sọ pé mo ṣì í yàn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fún ẹ̀rọ lọ́rùn. Mo wọ inú ètò àwọn fáànù, mo dín eré wọn kù kọjá ibi tó tọ́. Mo pa ìkìlọ̀ tó yẹ kó máa dún bí ara rẹ̀ bá gbóná jù. Mo sì yí wáyà fáànù inú páwápáàkì padà kó má lè sáré mọ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ẹni tí a bá fọwọ́ dì lẹ́nu náà a máa dákẹ́.

Ojú iná méjì ló wà ní yàrá Balógun. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní ihò méjì, Oníná sì ti fi ọ̀dà pupa kùn ún yí ká. Wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, búrékà tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gé iná bí ewu bá dé, lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ mímí nìkan ló ṣe é fún. Ó ti kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé ihò kejì gbọ́dọ̀ ṣófo, torí bí nǹkan mìíràn bá ṣe ségesège lórí ẹ̀, búrékà á já, á sì mú ẹ̀rọ mímí dání lọ. Ojú iná kejì wà lẹ́nu ọ̀nà. Okùn kọ̀ǹpútà mi ò dé ibẹ̀, n kò sì fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé tábìlì. Mo ki í bọ ihò alámì pupa. Balógun ń wò mí. “Ìyá, Bọ̀ọ̀dá ní ká má fi nǹkan kan síbẹ̀ o.” Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá rẹ mọ gílóòbù, kò mọ kọ̀ǹpútà. Ṣé èmi ni wàá wá kọ́?” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Ìyá.” Ó tan án. Ẹ wá wo ayọ̀! Àwòrán ń dán, kò sí ìró. Onídìrí dúró láàárín yàrá, ó fọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mò ń gbọ́ ẹ tó ò ń mí,” ló ń sọ. “Balógun mi, mò ń gbọ́ ẹ!” Ó yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Mo ń retí pé wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, mo sì ti to irọ́ sílẹ̀ dè wọ́n. Ọ̀sán kan ni onídìrí pè mí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. “Ìyá,” ó ní, “ó ti dákẹ́.” Ẹ̀yin tí a jọ ń sọ èdè kan, ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Èdè wa kì í ya ènìyàn sọ́tọ̀ lára irin. “Ó” ni gbogbo wa. Ẹ̀rọ tí kò pariwo, ó dákẹ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ó dákẹ́. Ẹni ọ̀wọ́n tó bá sì lọ, ẹnu wa kì í gbà á láti sọ pé ó kú. Ó dákẹ́ náà la máa ń wí. Ẹ̀rọ ló wà lọ́kàn mi, ẹ̀rù ẹ̀rọ ló ń bà mí, n kò sì bèèrè pé ta ni. Mo da irọ́ tí mo ti tò sílẹ̀ jáde: “Háà, mo mọ̀! Iná ilé yín ló pa á. Wáyà tí àbúrò yín fà yẹn ni mo ti ń fura sí.” Ó wá ní, “Iná tí àbúrò mi fà ló pa á?” Mo ní, “Òun ni. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́ o.” Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́yìn, àwọn obìnrin tó wá dirun, wọ́n ń ké, “Balógun! Balógun o!” Fóònù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwa méjèèjì. N kò mọ ta ni.

Mo lè pè é padà. Mo lè sọ pé, “Ìyá Balógun, mo ṣì yín gbọ́, ẹ̀rọ ni mo rò.” Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ lẹ́nu mi yìí, ẹnu mi náà ì bá ti gbá a nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N kò pè é. Mo wọ bàtà, mo lọ síbẹ̀, ohun tí mo sì ń rò lójú ọ̀nà kì í ṣe ọmọ náà. Okùn kọ̀ǹpútà ni mò ń rò.

Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí iwájú ilé. Èmi nìkan ni mo wọ yàrá yẹn. Òórùn rọ́bà tó jó gba ibẹ̀ kan. Mo wò ó, mo sì ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé: páwápáàkì gbóná títí ó fi jó nínú, búrékà ojú iná pupa já, ẹ̀rọ mímí dúró. Ẹ̀rọ mímí náà ké, torí ó ní bátìrì tó fi ń ké bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n orí oníbàárà wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun tó ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá ọmọ ò gbọ́. Okùn mi ṣì wà nínú ihò pupa, ó nà gbọọrọ bí ejò tó ti buni jẹ tán tí kò sì sá. Mo yọ ọ́. Mo wọ́ tábìlì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ki okùn náà bọ ojú iná kejì, mo fi etí aṣọ mi nu ihò pupa mọ́. Àdúrà ni mò ń gbà bí mo ti ń ṣe é, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹnu mi ń wí pé “Olúwa, ṣàánú,” ọwọ́ mi ń jí òtítọ́ gbé.

Oníná dé láìwọ bàtà. Kò sunkún, àpótí búrékà ló kọ́kọ́ lọ bá. Ó wo ibẹ̀, ó wo ojú iná pupa, ó yíjú sí mi. “Ìyá, búrékà yìí ò lè dédé já. Nǹkan kan wà lórí iná yìí. Ẹ̀yin lẹ to kọ̀ǹpútà, ibo lẹ ki okùn ẹ̀ bọ̀?” Àgbà ẹbí tó wà níbẹ̀ ní, “Ẹ dáhùn, Ìyá. Ẹ̀yin lẹni Ọlọ́run láàárín wa, ohun tẹ́ ẹ bá sọ la ó gbà.” Mo ní, “Ibi tẹ́ ẹ ti bá a yẹn náà ni. Wáyà inú ògiri ni kò dáa. Òun ló jó kọ̀ǹpútà, òun ló dá ẹ̀rọ mímí dúró.” Mo wo ojú ọkùnrin náà bí mo ti ń sọ ọ́. Onídìrí dìde nílẹ̀ tó wà. “Ìwọ! Owó wáyà tí mo fún ẹ, kí lo fi ṣe?” “Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ń gbọ́, èyí tó nípọn jù ni mo…” “Má pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n! O ò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n máa sin ọmọ mi. Bí mo bá fojú kàn ẹ́ níbẹ̀, èmi náà á bá a wọlẹ̀.” Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo na ìka oníka sábẹ́ ọ̀bẹ.

Oníná ò ṣiṣẹ́ iná mọ́. Ẹrù ló ń bá àwọn èèyàn gbé níbi tí ọkọ̀ ti ń já ọjà. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á kí mi, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ní, “Ìyá, mo ti fọ́ ògiri ilé tèmi, mo tú gbogbo wáyà tí mo fà síbẹ̀ yẹ̀ wò, bóyá mo máa rí irú àṣìṣe tí mo ṣe nílé ẹ̀gbọ́n mi. N ò rí i. Àmọ́ ó ní láti wà níbì kan, àbí?” Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, mo ti sọ ọ́ di ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Mo dá a lóhùn pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ ò rí i? Mo tún purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, bí owó oníbàárà ò bá ká ohun tó ń wá, ẹ la ẹnu kẹ́ ẹ sọ fún un. Ohun tó máa gbà kì í ju kí ojú tini díẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá ń pariwo, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ẹ má sáré dì í lẹ́nu. Gbogbo ẹ̀yin tí mo sì ba Oníná jẹ́ lójú yín, bí wáyà ilé yín bá fẹ́ àtúnṣe, òun ni kẹ́ ẹ pè. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ yín, mo tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Lọ́dọ̀ onídìrí àti àbúrò rẹ̀, ojú ò jẹ́ kí n tọrọ rẹ̀.

Wọ́n ti gbọ́ ṣáájú yín. Mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n kò jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé èkejì ń bọ̀. Nígbà tí onídìrí wọlé tó bá àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣẹ́rí padà. Mo ní, “Ẹ má lọ. Èmi ni.” Mo sọ ọ́ láti orí káàdì títí dé orí okùn, n kò sinmi, n kò sì fi ohun kan pamọ́. Onídìrí ní, “Ẹ ní kí ni?” Mo tún un sọ. Ó ní, “Mo mà kúnlẹ̀ fún yín, Ìyá.” Àbúrò rẹ̀ ò wo ibi tí mo wà rárá. Ó ń wo ilẹ̀, ó wá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Ibo lẹ sin ín sí?” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé látọjọ́ yìí, kò mọ ibojì ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú kí gbogbo ẹbí búra pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi hàn án. Onídìrí wò ó, ó wò ó pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà rẹ̀. “Dìde,” ó ní, “jẹ́ ká lọ. Ó jìn díẹ̀.” Wọn ò kí mi, n kò sì retí kí wọ́n kí mi. Láti orí ibùsùn ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn lójú ọ̀nà, tí ẹ̀gbọ́n ń bi àbúrò pé ṣé ó ti fi nǹkan kan sẹ́nu látàárọ̀.